KCOR ló kọ́kọ́ dé, àmọ́ KEDA ló gbé conjunto lárugẹ

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bèèrè pé nínú KCOR àti KEDA, èwo ló ṣáájú nínú rédíò Tejano, ìyẹn orin àwọn ará Texas tó jẹ́ ìran Mẹ́síkò, nílùú San Antonio ní Texas, àti pé ibo lèèyàn ti lè rí ìtàn wọn tó dájú. KCOR ló ṣáájú. Raoul Cortez, ọmọ Mẹ́síkò, ló dá a sílẹ̀ ní 1946 lórí 1350 AM. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, òun ni rédíò àkọ́kọ́ tó jẹ́ pé èdè Sípáníìṣì ni wọ́n fi ń ṣe ètò látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó sì jẹ́ pé ẹni tó ni èdè ló ni rédíò. Kó tó ní tiẹ̀, ńṣe ló máa ń ra àkókò lórí rédíò ẹlòmíì, á sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ìpolówó ọjà kiri, bí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa ṣe ń ṣe n'Íbàdàn títí dòní. Ogun àgbáyé kejì ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó ń tọrọ ìwé àṣẹ. Ohun tó sọ fún ìjọba ni pé rédíò òun á mú kí àwọn ará Mẹ́síkò tó wà nílùú ti ogun náà lẹ́yìn. Ó gbọ́n o!

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ conjunto gan-an lẹ ń wá, ìyẹn ẹ̀yà orin Tejano tó dá lórí accordion àti bajo sexto, gìtá olókùn méjìlá, KEDA 1540 AM ni kẹ́ ẹ wá lọ. Ìdílé Davila ló dá a sílẹ̀ ní 1966, ọwọ́ wọn ló sì wà títí wọ́n fi tà á ní 2011. Radio Jalapeño ni wọ́n ń pè é. Accordion yẹn ló mú kí n dúró síbẹ̀ nínú ọkọ̀, torí etí tó bá ti gbọ́ I.K. Dairo kò lè kà á sí àjèjì. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì àti Czech tó tẹ̀dó sí Texas ni ohun èlò náà àti orin ijó tí wọ́n ń pè ní polka ti wọlé.

Ní ti ìtàn wọn, ẹ má fi nọ́ńbà orí afẹ́fẹ́ nìkan wá a. Lẹ́tà mẹ́rin tí rédíò ń jẹ́ lè kúrò lórí nọ́ńbà kan bọ́ sórí òmíì, wọ́n sì lè pa orin dà lóru ọjọ́ kan. Mo ti ka àlàyé tó da KCOR ti Cortez pọ̀ mọ́ KXTN, ìyẹn 107.5 FM tó ń gbé Tejano nígbà ayé Selena, gbajúmọ̀ olórin Tejano. FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fún rédíò níwèé àṣẹ, ti gbé káàdì àkọsílẹ̀ rédíò àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó rí ẹni tó ni ín, agbára ẹ̀rọ rẹ̀ àti ìgbà tó pààrọ̀ ọwọ́. Orin kò sí níbẹ̀.

Fún orin, ẹ má retí ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn tó ra rédíò. Lẹ́tà tí mo kọ sí àwọn kan, ẹnikẹ́ni ò fèsì. Ilé àwọn àgbàlagbà ni káséètì wà, èyí tí wọ́n fúnra wọn gbà sílẹ̀ látorí rédíò. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó máa gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹ kìlọ̀ fún un kó má gé ìpolówó kúrò. Nínú ìpolówó ni wọ́n ti máa ń dárúkọ gbọ̀ngàn ijó, ẹgbẹ́ tó máa ṣeré níbẹ̀ àti ọjọ́ tó máa wáyé, ibẹ̀ sì lẹ ó ti mọ ọdún tí wọ́n gbà á.