Àbúrò mi sá kúrò nínú yàrá tí a gbà fún un

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kẹta rèé tí orí àbúrò mi ọkùnrin ti dàrú, ó sì ń mu igbó àti ògógóró. Abẹ́ afárá ló ń sùn. A gba yàrá fún un, a ra fóòmù sí i, kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó fi padà sábẹ́ afárá. Ṣé kó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú igbó ká tó tún gba ilé ni? (Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má dúró dìgbà yẹn o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nírú ipò àbúrò yín, igbó náà ni wọ́n fi ń lé ìbẹ̀rù òru lọ. Ní New York lọ́dún 1992, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá kan, Sam Tsemberis, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń fún irú wọn nílé láì ní kí wọ́n kọ́kọ́ jáwọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì dúró sílé. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ń yà lọ́dọ̀ wọn lóòrèkóòrè. Ibẹ̀ ni tiyín ti kù.

Mo bẹ ẹnìkan wò rí: ọ̀rá ṣì wà lára fóòmù, òun alára sùn sórí símẹ́ǹtì lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní bí òun bá ti ilẹ̀kùn pẹ́nrẹ́n, àwọn tó ń bá òun sọ̀rọ̀ a pariwo sí i. Abẹ́ afárá ní ariwo ọkọ̀, ó ní ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, lọ́dún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn. Mọ̀lẹ́bí aláìsàn kan máa ń bá a wá nígbà náà, a máa se oúnjẹ rẹ̀, a sì máa mú un lọ gbàtọ́jú.

Nítorí náà, ibi tí èèyàn yín kan wà nítòsí ni kí ẹ gbà. Ẹ fún lánlọ́ọ̀dù lówó fúnra yín, kí nọ́ńbà yín sì wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó lè pè yín kó tó pe ọlọ́pàá. Bí kò bá lo oògùn déédéé, ẹ bi dókítà nípa abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún lóṣooṣù. Ògógóró ló ń bà mí lẹ́rù ju igbó lọ: ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́, bó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè gbé e, ó sì lè pa á. Lójú dókítà ni kó ti fi í sílẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kó tún sá lọ. Ẹ má dá yàrá náà padà. Ẹ gbé oúnjẹ lọ bá a lábẹ́ afárá, kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ dání.