Òròmọdìyẹ tó gbó tán tó kú sínú èèpo: ẹ má tíì bu omi kún un

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹyin 48 lẹ kó sínú ìnkubétọ̀, ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin, 19 pa, 14 gbó tán kí wọ́n tó kú sínú èèpo, àti pé ẹni tó ta ẹ̀rọ náà ní kí ẹ máa bu omi kún kòtò omi méjèèjì inú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Nínú òjò tó ń rọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi gan-an ló pa wọ́n.

Ẹ fọ́ ọ̀kan lára àwọn tó kú wò. Bí ara ọmọ bá wú, tó rọ̀ bẹ̀tẹ̀bẹ̀tẹ̀, tí omi ṣì wà nínú èèpo, tí àyè afẹ́fẹ́ ìdí ẹyin kò sì ju owó kọ́bọ̀ lọ, omi pọ̀ jù, ọmọ rì. Bí awọ funfun abẹ́ èèpo bá ti gan, tó lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ rẹ̀ bí ọ̀rá, tó ti lu ihò kan tí kò wá lè yí orí mọ́, ó gbẹ jù ni. Ẹni tó bá dá ìmọ̀ràn kan ṣoṣo fún méjèèjì kò tíì fọ́ ẹyin wò rí.

Inú máa ń bí mi sí àwọn ògbógi tó ń pariwo "ọ̀rinrin 60%, 60%" láìbèèrè ibi tí èèyàn ń gbé. Ẹyin gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Títí di ọjọ́ 18, ó yẹ kí omi inú rẹ̀ tó tó nǹkan bí 13% ìwọ̀n rẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Àyè tí omi yẹn fi sílẹ̀ ni ọmọ ti máa mí èémí àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ yàrá tó wà ní 27°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 80% lásìkò òjò, tó bá wọnú ẹ̀rọ tó gbóná dé 37.5°C, á di nǹkan bí 44%, láìsí ẹ̀kán omi kan. Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó! Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ 30°C tó jẹ́ 25% á já sí 16% péré, ìgbà náà ni kòtò kan gbọ́dọ̀ lómi lójoojúmọ́. Fífẹ̀ ojú omi ló ń mú ọ̀rinrin wá, kì í ṣe jíjìn rẹ̀.

Ẹ gbé ẹyin 10 lé ìwọ̀n ilé ìdáná. Bí wọ́n bá jẹ́ gíráàmù 550 lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n wà ní nǹkan bí 523 lọ́jọ́ 7, 495 lọ́jọ́ 14, 480 lọ́jọ́ 18. Tí wọ́n bá wúwo jù bẹ́ẹ̀, ẹ dín omi kù. Tí wọ́n bá fúyẹ́ jù, ẹ fi kún un. Ìwọ̀n kì í parọ́ bíi nọ́ńbà pupa ojú ẹ̀rọ. Tẹmómítà tí wọ́n fi ń wo ibà ni kí ẹ fi yẹ ooru rẹ̀ wò: 37.5°C tó bá ní fáànù. Tí kò bá ní, nǹkan bí 38.5°C lórí ẹyin.

Ọjọ́ 18 wá ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ má yí ẹyin mọ́. Ẹ yọ ohun tó ń yí i, ẹ tẹ́ tówẹ́lì tó rí gbákagbàka, kì í ṣe ìwé ìròyìn, torí ẹsẹ̀ ọmọ máa ń yọ̀ lórí ìwé tí itan á sì yà. Ìgbà yìí lẹ máa bu omi sí kòtò méjèèjì, kí ọ̀rinrin dé 65% sí 70%, kí ẹ sì ti ìdérí. Ẹ má ṣí i mọ́! Ọmọ tó ti lu èèpo lè sinmi wákàtí 12 sí 24 kó tó jáde. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ inú awọ àti pupa ẹyin sínú ara rẹ̀ ni. Ẹ bá a fọ́ èèpo lásìkò yẹn, ẹ̀jẹ̀ á tú. Ẹ ṣí ìdérí láti wo ìkan tó ń ké, ọ̀rinrin á fẹ́ lọ, awọ àwọn tó kù á gan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn tó ti jáde lè wà níbẹ̀ wákàtí 24 láìjẹ láìmu, pupa ẹyin ṣì wà níkùn wọn. Bí gíláàsì bá hu òógùn nígbà tí wọ́n ń jáde, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ihò afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ṣí, torí wọ́n ti ń mí.

Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ da aṣọ ìbora bò ó, kí ẹ yẹra fún ihò. Òtútù wákàtí méjì kàn lè fà wọ́n sẹ́yìn ni. Ooru tó ju 40°C lọ ló ń pa wọ́n kíákíá. Ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí tòsí yàrá náà, èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn, ká má tíì sọ ẹyin.

Ẹyin 15 tí kò gbó, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ti ìgbà tó ń bọ̀ wò lọ́jọ́ 7. Èyí tó bá mọ́ gaara, omi kọ́: bóyá àkùkọ kò tó, ọ̀kan fún abo 10 ni, tàbí kí ẹyin ti pẹ́ ju ọjọ́ 7 kí ẹ tó kó o wọlé.