Oògùn Ti Gbẹ Omijé Mi Lórí Ìrun: Ṣé Kí N Pa Á Tì?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù aléékùm, Ààfáà wa. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí dókítà ti ní kí n máa lo oògùn kan tó ń jẹ́ Haloperidol, torí mò ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ohùn náà ti lọ, alihamudulilahi. Ṣùgbọ́n ọkàn mi wá dà bí igi. Tẹ́lẹ̀, bí lèmọ́mù bá ti ń ka Súrátù Raḥmán, omijé á máa dà lójú mi. Ní báyìí, n kì í sunkún, n kì í sì í yọ̀. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé mi ń jó, èmi jókòó bí àlejò. Mo tún máa ń sùn kọjá Àsùbá. Ṣé kí n pa oògùn yìí tì, kí ìgbàgbọ́ mi lè padà?

ÌDÁHÙN: Wa aléékùm sàlámù, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á tì. Bí ẹ bá dá a dúró lójijì, ohùn yẹn lè padà.

Ọlọ́hun kò bínú sí yín. Èròjà kan wà nínú ọpọlọ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní dopamine. Oògùn yìí ń dí i lọ́nà kí ohùn náà lè dákẹ́, bẹ́ẹ̀ èròjà yẹn kan náà wà lára ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan dùn mọ́ni. Ìdí nìyẹn tí ayọ̀ àti ẹkún fi ń rọlẹ̀ lára àwọn kan tó ń lò ó. Ìdúró wà lára ohun tó ń gbé ìrun ró, Fátíà, rùkúù àti sùjúúdù náà wà níbẹ̀. Ẹkún kò sí níbẹ̀. Ìrun yín pé. Ọlọ́hun ní ká bẹ̀rù Òun bí agbára wa bá ṣe mọ (Kùránì 64:16), ẹni tó bá sì fi ọkàn tó wúwo dìde kírun, mo gbà pé ó ti sa agbára tirẹ̀.

Ní ti Àsùbá, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a, sọ pé ẹni tó bá gbàgbé ìrun tàbí tó sùn kọjá rẹ̀, kó kí i nígbà tó bá rántí. Bí ẹ bá ti jí, ẹ ṣe àlùwàlá, kí ẹ kí i. Ẹ tún bi dókítà bóyá ẹ lè máa lo ti alẹ́ ṣáájú àsìkò tí ẹ ń lò ó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní mọ́ṣáláṣí wa. Bí a bá tò sáfù, á máa gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, á gbé ti òsì, kò lè jókòó ka àtáyà tán. Èmi gan-an bá a wí pé ó ń fi ìrun ṣeré. Ó wolẹ̀, ó ní, “Ààfáà, ẹsẹ̀ mi ni kò gbọ́ tèmi mọ́.” Irú oògùn yìí ló ń lò. Mo bẹ̀ ẹ́, a jọ lọ bá dókítà rẹ̀, wọ́n dín in kù. Nígbà tó yá, ó ń dúró jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ṣì ń dùn mí pé mo pariwo mọ́ ọn lójú èrò.

Àwọn kan á ní kí ẹ dojú kọ rùkíyà, ìyẹn kíka Kùránì àti àdúà fún ìwòsàn, nìkan. Ẹ ṣe rùkíyà, kí ẹ sì lo oògùn. Ànábì ní ká wá ìwòsàn, pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun kò sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, àyàfi ogbó.

Ohun tí ẹ kọ sí mi yìí gan-an ni kí ẹ kà fún dókítà: igi, Ojúde Ọba, oorun. Kì í ṣe àròyé sí kádàrá. Ó lè dín oògùn kù, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìbànújẹ́ bá sì wá di pé ikú ń wù yín, ẹ má dúró dọjọ́ ìpàdé. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Ṣàgámù tàbí Arò ní Abẹ́òkúta.

Bí ojú bá ń tì yín láti dá lọ, ìyàwó mi á bá yín lọ. Ẹ ṣáà fi ọjọ́ ìpàdé ránṣẹ́ sí wa.