Má pín 205 sí 446: èsì fún àbúrò tó ń ṣe próójẹ́ẹ̀tì lórí Gretzky

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ láàárọ̀ yìí. O ní Ọ̀fà lo wà, o sì fẹ́ mọ iye tí ìràwọ̀ kan ń fi kún góòlù ẹgbẹ́ rẹ̀. O mú Wayne Gretzky ti Edmonton Oilers, họ́kì orí yìnyín, sáà 1983–84. Ẹgbẹ́ gbá góòlù 446, òun kó point 205. O wá ń béèrè bóyá o lè pín ọ̀kan sí èkejì, kí o kọ ọ́ pé ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ọwọ́ rẹ̀ wá, pé bí kò bá sí níbẹ̀, 241 ni wọn ì bá gbá.

Rárá. Góòlù kan lè bí point mẹ́ta: ti ẹni tó gbá a wọlé, àti ti ẹni méjì tó gbé e fún un. Ṣe ìṣirò yẹn fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí o ro ó pọ̀, yóò fò kọjá ọgọ́rùn-ún. Èkejì ni pé bí Gretzky bá jókòó, wọn kò ní fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹlòmíràn ni yóò wọlé, ẹni yẹn náà sì mọ̀ ọ́n gbá.

Wo oṣù kẹjọ 1988, nígbà tí Edmonton tà á fún Los Angeles Kings. Ní 1987–88 ó ti kó point 149, ẹgbẹ́ sì gbá 363. Bí ọ̀nà tìrẹ bá tọ̀nà, 214 ló yẹ kó kù fún wọn ní sáà tó tẹ̀ lé e. 325 ni wọ́n gbá. Kings ní tiwọn kúrò ní 318, wọ́n bọ́ sí 376, bẹ́ẹ̀ point 168 ni Gretzky kó fún wọn lọ́dún yẹn. Ibi tó ti kúrò dín 38, ibi tó lọ lé 58. Síbẹ̀, má gbé 38 àti 58 yẹn bí ẹni rí owó he. Jimmy Carson, tó gbá 55 fún Kings ní 1987–88, wà lára ohun tí Edmonton gbà, ó sì gbá 49 fún wọn. Gretzky fúnra rẹ̀, ìdíje 64 péré ló gbá nínú 80 ní sáà tó lò kẹ́yìn ní Edmonton. Bernie Nicholls ní Los Angeles ti 32 fò sí 70. Ta ni ká kọ ìyẹn sí lọ́rùn?

Ìṣẹ́jú ló ń sọ òótọ́: góòlù mélòó ni ẹgbẹ́ gbá nígbà tí ìràwọ̀ wà nínú pápá, mélòó nígbà tó jókòó. Ṣùgbọ́n kí o tó rí ìṣẹ́jú yẹn kó jọ nílẹ̀ wa níbí, ojú rẹ yóò rí màbo. Tèmi rí i.

Họ́kì orí pápá ni mo fi ṣe tèmi, ẹgbẹ́ kan ní Ìlọrin tí n kò ní dárúkọ. Obìnrin kan wà nínú wọn tí gbogbo èèyàn gbà pé òun ni ẹgbẹ́ náà dúró lé lórí. Mo lọ bá akọ̀wé wọn pé kó fún mi ní ìwé àkọsílẹ̀ ìdíje. Ó ní kí n mú lẹ́tà wá láti iléèwé. Mo mú un wá, ó ní kò sí òǹtẹ̀. Mo gba òǹtẹ̀, ó ní ọ̀gá tó máa buwọ́ lù ú ti lọ sí Àbújá. Ọ̀gá dé, ó ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò sí nílé. Láti Tanke ni mo ti ń wá o, nínú oòrùn, owó ọkọ̀ ń lọ, wàrà díndín lẹ́nu géètì ni oúnjẹ ọ̀sán mi títí ó fi sú mi. Nígbà tí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ikán ti jẹ ìdajì ìwé náà. Ìdajì tó kù ńkọ́? Orúkọ ẹni tó gbá góòlù wọlé nìkan, nígbà míì nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ lásán. Kò sí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fún un, kò sí ìṣẹ́jú, kò sí ìgbà tí ẹnikẹ́ni wọlé tàbí jáde. Bẹ́ẹ̀ nínú họ́kì, ẹni tó jáde lè tún padà wọlé, iye ìgbà tó bá wu kóòṣì. Mo bi akọ̀wé pé kí ni wọ́n ń fi irú ìwé báyìí ṣe. Ó ní àwọn fi ń gba owó ìrìn-àjò ni.

Ni mo bá lọ jókòó sẹ́bàá pápá fúnra mi, fóònù méjì lọ́wọ́, ọ̀kan fún aago ìdíje, ọ̀kan fún ti obìnrin yẹn. Kóòṣì rí mi, ó ní amí ni mí. Rẹfirí lé mi kúrò nídìí tábìlì. Ìyá tó ń ta omi ló bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo bá wo aago lọ́wọ́, ariwo á sọ, kí n tó gbójú sókè góòlù ti wọlé, wọ́n ti ń dì mọ́ra wọn, ta ló gbá a? Nítorí náà, mú ẹnì kan dání, kí ọ̀kan máa wo pápá, kí èkejì máa kọ. Kóòṣì ni kí o fún ní lẹ́tà, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Fi akọ̀wé sílẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa náà kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé iṣẹ́ dé iwájú wọn, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ta ló ń wo họ́kì, kí n lọ ṣe Super Eagles. Ẹlòmíràn ní kí n fi plus-minus kún un kí ìwé lè gùn, ìyẹn góòlù tí ẹgbẹ́ gbá nígbà tí èèyàn wà nínú pápá, kí o yọ èyí tí wọ́n gbá sí wọn kúrò nínú rẹ̀. Kó lè gùn! Plus-minus kì í ka góòlù tí ẹgbẹ́ rẹ gbá nínú power play, ìyẹn ìgbà tí wọ́n bá lé alátakò kan lọ jókòó, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ìràwọ̀ ti ń kó point jọ. Connor McDavid ti Edmonton kó point 153 ní 2022–23, 71 nínú rẹ̀ ti inú power play wá. Bobby Orr ní +124 ní 1970–71, kò tíì sẹ́ni tó bá a, ṣùgbọ́n Phil Esposito tó gbá góòlù 76 lọ́dún yẹn wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Boston kan náà, ta ni ká wá kọ +124 yẹn sí lọ́rùn? Bí ẹnikẹ́ni bá fi plus-minus dẹ́rù bà ọ́, béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣirò fúnra rẹ̀ kò le: pín góòlù sí ìṣẹ́jú, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po 60. Ká ní wọ́n gbá 20 nínú ìṣẹ́jú 400 tó fi wà nínú pápá, góòlù 3 ní ìṣẹ́jú 60 nìyẹn. Ká ní 6 nínú 200 tó fi jókòó, 1.8 nìyẹn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ 1.2. Lẹ́yìn náà o fi regression, ìṣirò tó ń ya ipa ohun kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, yọ ipa alátakò àti ti àwọn tí wọ́n jọ ń gbá a kúrò, Excel á ṣe é, o mọ ìyẹn. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbá a kì í ṣe ohun kékeré o: Leon Draisaitl kó point 128 lẹ́gbẹ̀ẹ́ McDavid ní sáà yẹn.

Má sì gbé fáìlì rẹ fún ilé ìtẹ̀wé kankan kó sùn síbẹ̀. Wọ́n yọ gbogbo àmì òdì nínú tábìlì tèmi kúrò, wọ́n ní ó ń ba ìwé jẹ́. Ohun mìíràn, má kó góòlù ayé Gretzky àti ti òní pọ̀ láìtún un ṣe. Ní NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín tí Gretzky ti gbá, ní 1981–82, ìdíje kan ń mú góòlù tó lé ní 8 wá, ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀. Ní 2003–04, ó ti wálẹ̀ sí 5 àti díẹ̀.

Ẹ̀n-ẹ́n, Gretzky rẹ. Àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú orí yìnyín ti NHL kò ṣáájú 1997–98, má wulẹ̀ wá a fún sáà tìrẹ. Ìdíje tó gbá àti èyí tí kò gbá ló kù. Ní 1983–84, 6 péré ni kò gbá, kò tó nǹkan. Ní 1987–88, 16. Èmi ì bá mú Mario Lemieux, Pittsburgh, 1992–93: àìsàn jẹjẹrẹ Hodgkin wà lára ohun tó mú un jókòó, ìdíje 60 ló gbá nínú 84, ó sì kó 160. 24 tó kù yẹn ni kí o fi wéra. Ìdíje kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: góòlù ẹgbẹ́, alátakò, ilé tàbí ìta, ó wà tàbí kò sí. Bí súpáfáísọ̀ rẹ bá ní 24 kéré, ní kó fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tiwọn.