Ẹ̀fọ́rí tó ń jí ọkọ mi ní aago kan òru, ṣé ayé ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ẹ̀fọ́rí ti ń jí ọkọ mi ní aago kan òru gérégé. Ẹ̀yìn ojú ọ̀tún nìkan ló máa ń wà. Ojú náà á pọ́n, á máa ṣomi, imú ọ̀tún á dí. Kò lè jókòó, ńṣe ló ń rìn kiri yàrá, tó ń gbá orí mọ́ ògiri. Tó bá tó wákàtí kan, ó ti lọ. Ó ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti gba abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù. Irú rẹ̀ ṣe é ní èṣín, bàbá kan sín gbẹ́rẹ́ fún un, ó fún un lágbo, ó sì lọ. Ẹbí ní ká padà sọ́dọ̀ bàbá náà, torí àìsàn tó mọ aago kì í ṣojú lásán. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, inú sì ti ń bí mi díẹ̀. Tí ohùn mi bá le, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá jà.

Ẹ jẹ́ ká pa ibà tì ná. Ibà kì í yan ẹ̀yìn ojú kan ṣoṣo, kì í dé ní aago kan kó lọ ní aago méjì, kí èèyàn wá mu ẹ̀kọ láàárọ̀ kó sì gbé mọ́tò jáde. Kò sì jọ túúlu. Ẹni tí túúlu mú á fẹ́ dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ sí i, ó sì lè ṣe é fún odindi ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ọkọ yín kò lè jókòó. Ohun tí ẹ júwe jọ èyí tí a ń pè ní cluster headache, ẹ̀fọ́rí tó máa ń dé ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ni, ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí 3, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù méjì mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, á lọ sinmi. Nínú èèyàn bí 1,000, ó máa ń rí ẹnì kan mú. Ọkùnrin ló pọ̀ jù, àwọn tó ń mu sìgá sì pọ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ aago wá ńkọ́? Ohun tí ẹbí fi ń sọ pé ayé ni, òun gan-an ni àwa fi ń dá àìsàn náà mọ̀. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, ibì kan wà tí kò ju hóró ẹ̀pà lọ, hypothalamus ni wọ́n ń pè é. Òun ni aago ara, òun ló ń sọ ìgbà tí oorun á kun èèyàn àti ìgbà tí a ó jí. Ní 1998, àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn tí ẹ̀fọ́rí yìí ń mú lọ́wọ́, wọ́n sì rí i pé ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ gan-an. Tí ibẹ̀ bá ta jí, iṣan tó ń gbé ìrora ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà á ta jí, á sì ta iṣan omijé àti ti imú jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà. Àkùkọ mọ aago, a kì í tìtorí rẹ̀ pè é lájẹ̀ẹ́.

Gbẹ́rẹ́ tó ṣiṣẹ́ ní èṣín, ẹ ṣírò ọ̀sẹ̀ rẹ̀ fún mi. Báwo ló ti pẹ́ tó tí ẹ̀fọ́rí náà ti ń yọ ọ́ lẹ́nu kí wọ́n tó gbé e débẹ̀? Ọ̀wọ́ rẹ̀ ti ń parí lọ ni. Àìsàn tó máa lọ fúnra rẹ̀, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kẹ́yìn ló máa gba ọpẹ́, ìbáà ṣe wòlíì, ìbáà ṣe kẹ́mísìtì. Mo tọ́jú ọkùnrin kan tí wọ́n ti yọ eyín méjì lẹ́nu rẹ̀ nítorí ẹ̀fọ́rí yìí. Ó ní èkejì ló ṣiṣẹ́. Ọdún yípo, ẹ̀fọ́rí padà, eyín ò padà.

Agbo yẹn ńkọ́, ṣé omi ni wọ́n fi rẹ ẹ́ àbí ọtí? Nígbà tí ọ̀wọ́ ẹ̀fọ́rí yìí bá ń lọ lọ́wọ́, ife ọtí kan tó láti fà á wá láàárín wákàtí kan. Paraga, bíà, agbo inú ògógóró, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Kó pa á tì títí á fi lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán nǹkan kan sí i lójú.

Parasítámọ̀ kò ní ṣe é. Kó tó yòrò nínú, ìrora ti ń lọ. Ohun tó ń pa á ni ọ́síjìn ọsibítù, lítà 12 sí 15 níṣẹ̀ẹ́jú kan, láti inú máàsìkì tó bo imú àti ẹnu, tó ní àpò lára, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n ń kì bọ ihò imú kò tó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ti ń ṣe é tì. Nínú àyẹ̀wò kan tí àwọn dókítà Ìlú Ọba tẹ̀ jáde ní 2009, nínú ìgbà 100 tí ẹ̀fọ́rí dé, ìgbà 78 ni ara tù wọ́n láàárín ìṣẹ́jú 15. Àwọn tó fa afẹ́fẹ́ lásán, ìgbà 20 péré ni. Ẹni tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ kí wọ́n tó tan án. Ẹ má sì gbé sìlíńdà wọlé tó ṣì ń mu sìgá, iná á jó yín mọ́lé. Abẹ́rẹ́ sumatriptan náà wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tí àìsàn ọkàn ń ṣe tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò rọlẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń dènà rẹ̀ ni verapamil, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ bí ọkàn ṣe ń lù wò. Prednisolone ń ràn án lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, àmọ́ ẹ má rà á fúnra yín. Ó ń gbé ṣúgà sókè, ó sì ń dá ọgbẹ́ sínú.

Mi ò fojú rí ọkọ yín o. Ohun tí mo sọ ni pé ó jọ ọ́. Irú glaucoma tó ń dé lójijì, ìyẹn àìsàn tí omi inú ẹyinjú fi ń le gan-an, tó sì lè fọ́ èèyàn lójú, máa ń mú ojú pọ́n kó sì mú orí fọ́, nǹkan mìíràn nínú ọpọlọ sì lè ṣe bíi rẹ̀. Nítorí náà ó yẹ kí wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Tí ọrùn bá gan pẹ̀lú ara gbígbóná, tí apá tàbí ẹsẹ̀ bá rọ, tí ojú kò bá ríran dáadáa, tàbí tí ẹ̀fọ́rí kan bá dé lójijì tó le ju gbogbo èyí tó ti ní rí, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ìbàdàn lẹ wà, UCH kò jìnnà, dókítà ọpọlọ wà níbẹ̀. Ẹ kọ aago tó dé àti aago tó lọ sínú ìwé lálaalẹ́, ẹ fi fóònù ya ojú náà nígbà tó bá pọ́n, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí tó ṣì ń ṣe é. Tó bá lọ tán, ẹ ò ní rántí lọ mọ́.