Gàrí Kérésì kò lè san gbèsè omi odò

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, pé o ti ra ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kan àti agbada mẹ́ta, o sì ti rí ilẹ̀ sí ìhà Akínyẹlé. Àwọn ará àdúgbò wá ní kí o kọ́kọ́ sọ ibi tí omi ẹ̀gẹ́ rẹ máa gbà kí o tó bẹ̀rẹ̀. O fẹ́ mọ̀ bóyá ẹrù tìrẹ nìyẹn àbí ti ìjọba tó ń gba owó-orí, àti bóyá gàrí tí o bá pín fún wọn nígbà Kérésì kò ní tó. Ọdún mẹ́rin gbáko ni èmi fi rò pé ó tó. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Abúlé kan lẹ́yìn Mọ́níyà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ní 2012. Agbada méjì ni, pẹ̀lú obìnrin mẹ́ta tó ń bó ẹ̀gẹ́. Nígbà tó fi máa di 2015, agbada ti di mẹ́jọ, a sì ń rin tọ́ọ̀nù mẹ́ta lójúmọ́. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ohun tí tọ́ọ̀nù mẹ́ta jẹ́: òkìtì èèpo tó ga ju èèyàn lọ, àti omi funfun tó ń kán lábẹ́ jáàkì tí a fi ń fún ẹ̀gẹ́ tọ̀sán-tòru. Mo la ojú àgbàrá kan fún omi náà láti ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ lọ sínú odò kékeré tó wà nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti là á, n kò tún wo ẹ̀yìn ilé yẹn mọ́.

Omi ẹ̀gẹ́ kì í ṣe omi lásán. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú, sáyánáìdì ni wọ́n ń pè é. Bí a bá ti rin ẹ̀gẹ́, májèlé náà á tú sílẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì bá omi jáde nígbà tí a bá ń fún un. Omi yẹn tún kan, sítáàṣì tó wà nínú rẹ̀ á máa jẹrà nínú odò, á sì máa jẹ atẹ́gùn tí ẹja ń mí. Ọkùnrin kan ń sin epìyà nísàlẹ̀ odò wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi odò ti fà, àwọn ẹja rẹ̀ léfòó, ikùn wọn kọjú sókè. Ó wá bá mi. Mo ní kó lọ mú ẹ̀rí wá. Níwájú àwọn òṣìṣẹ́ mi ni mo ti sọ ọ́, mo sì gbóhùn sókè sí i. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó yí padà. Títí di òní, bí mo bá rántí ojú tó fi wò mí, ara mi kì í balẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, mo pín gàrí kóńgò mẹ́rin-mẹ́rin fún ilé kọ̀ọ̀kan. Baálẹ̀ gbàdúrà fún mi, wọ́n ya fọ́tò. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Oṣù Kejì, 2016, wọ́n gbé igi dí ọ̀nà. Lọ́rì ẹ̀gẹ́ méjì dúró sójú títì, wọn kò jẹ́ kó wọlé. Ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í pẹ́: láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dí ọ̀nà náà. Owó tí mo yá nínú ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ ni mo fi ra ẹ̀gẹ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ ló jẹrà sórí lọ́rì.

Nígbà tí a jókòó níwájú Baálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka oore mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà kan gbọ́ mi títí mo fi parí, ló bá ní: “Ọmọ mi, gàrí tí o fún wa dára, a dúpẹ́. Omi wo wá ni o fẹ́ ká fi mu ún?”

N kò rí èsì fọ̀. Odò tí wọ́n ti ń pọn omi kí n tó dé, òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè fọṣọ níbẹ̀ mọ́. Omi kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń rà. Mo délé lọ́jọ́ náà, mo ṣí ìwé ìṣirò mi, mo wo èrè ọdún mẹ́rin tí mo kọ síbẹ̀, mo sì rí i pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni tèmi. Owó ẹja ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀. Owó kẹ́ẹ̀gì omi àwọn obìnrin yẹn wà níbẹ̀. Èmi ni mo kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí èrè. Nítorí náà, àbúrò, bí o bá ń pín gàrí lọ́dún Kérésì, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn nìyẹn. Gbèsè ni ọ̀rọ̀ omi, ẹni tó jẹ gbèsè kò sì lè fi ẹ̀bùn dípò rẹ̀.

Ohun tí a ṣe sí omi náà rèé, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni o fẹ́ gbọ́. Kòtò mẹ́ta ni mo mọ, tí omi ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Búlọ́ọ̀kù ni, a sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú rẹ̀ dáadáa. Nínú kòtò àkọ́kọ́, sítáàṣì á rọ̀ sísàlẹ̀. A máa ń kó o, a ń sá a, a sì ń tà á. Nínú méjì yòókù, omi á tẹ́ sójú oòrùn fún ọjọ́ púpọ̀, torí sáyánáìdì a máa bá afẹ́fẹ́ lọ bí omi bá dúró sí gbangba. Má ṣe gbẹ́ kòtò láì rẹ́ ẹ. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbẹ́ láì fi sìmẹ́ǹtì sí i jò lọ sínú kànga ilé kejì, àwọn ọmọ ilé yẹn ló sọ fún wa pé omi wọn ti ń kan. Kí o tó yan ibi tí o máa gbẹ́ ẹ sí, pe ẹni tó gbẹ́ kànga àdúgbò náà, ó mọ ibi tí omi ń gbà nínú ilẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Sì ṣọgbà yí i ká, nítorí àwọn ọmọdé àti ewúrẹ́. Èrè oṣù méje ló bá iṣẹ́ náà lọ. Kì í ṣe owó kékeré, n kò ní purọ́ fún ọ.

Èèpo ńkọ́? Òun ló rọrùn jù. Nígbà kan, ẹ̀bá gọ́tà ni a ń dà á sí, òjò á sì gbá a lọ. Mo bínú sí ara mi lórí èyí ju ti omi lọ, torí ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí odò Ògùnpa ya ní 31 August 1980, mo sì mọ ìdí tí àwọn èèyàn wa fi ń sọ pé “omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù”. A tún rí i ní 26 August 2011. Èmi tí mo rí méjèèjì ni mo wá ń da èèpo sí ojú àgbàrá! Ní báyìí, a ń rin èèpo, a ń fún un, a ń sá a, àwọn olówò ewúrẹ́ àti màlúù sì ń rà á. Nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn níbí, ni àwọn onímọ̀ ILRI, àjọ tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn, ti ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe ń sọ èèpo ẹ̀gẹ́ di oúnjẹ ẹran. Lọ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Má rò pé àwọn tó wà lẹ́yìn ọgbà nìkan ni o jẹ ní gbèsè. Ní 2014, ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Mo san owó ọsibítù ọ̀sẹ̀ kan, mo fún un ní owó díẹ̀, mo sì ní kó máa lọ sinmi nílé. Ó sinmi títí, n kò tún béèrè rẹ̀. Òfin ti wà nígbà náà, láti 2010: ẹni tó bá gba èèyàn síṣẹ́ ní láti máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san fún àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSITF, kí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí ìtọ́jú àti owó gbà. Bí owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ bá jẹ́ ₦600,000, ₦6,000 péré nìyẹn, o kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú owó tiwọn. Ìka èèyàn méjì, nítorí owó tí kò tó nǹkan! Lẹ́yìn ìpàdé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀, mo lọ bá a nílé, mo bẹ̀ ẹ́. Òun ló ń wọn gàrí, tó sì ń ṣe ìwé ọjà fún mi báyìí. Ti èéfín náà wà níbẹ̀: mọ ààrò rẹ kí ẹnu ibi tí ẹ ti ń ki igi wà lẹ́yìn ògiri, kí o sì fi páìpù gbé èéfín gba òrùlé jáde. Ojú àwọn obìnrin tó ń yan gàrí kì í ṣe ohun tí a lè ra òmíràn.

Ẹni tó máa jẹ gàrí rẹ kò sí níbẹ̀ nígbà tí o ń ṣe é. Bí gàrí bá wọ́n, àwọn alájàpá láti Bódìjà á máa pè ọ́ pé kí o tètè yan án, wọn kò bìkítà bóyá ó ti kan. Gàrí ọjọ́ kan tí a sáré fún, tí a sáré yan, májèlé tó kù nínú rẹ̀ kò hàn sójú, kò sì hàn lẹ́nu. Bí wọ́n bá ní àwọn á lọ bá ẹlòmíràn, jẹ́ kí wọ́n lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni tèmi ń lò nínú àpò.

Àwọn àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ wá, san owó wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá já ẹrù.

Ní ti ìjọba tí o mẹ́nu bà, títì àti gọ́tà ńlá, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá forúkọ ilé iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ bí kọ́ńpìnnì, òfin CAMA ti 2020, òfin tó ń darí àwọn kọ́ńpìnnì, ní abala 305, sọ ọ́ kedere pé olùdarí ní láti ro ohun tí iṣẹ́ kọ́ńpìnnì ń ṣe sí àyíká ní àdúgbò tó wà. Owó-orí kò mú ìyẹn kúrò. Ohun kan wà tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ ìyàtọ̀ rẹ̀ o: ẹni tó bá wá bá ọ lálẹ́ pé kí o fún òun lówó kí òun bá ọ pa àdúgbò lẹ́nu mọ́, kì í ṣe òun ni àdúgbò. Má fún un. Pe ìpàdé ní gbangba, lọ́sàn-án, kí o sì rí i pé àwọn obìnrin tó ń pọn omi wà níbẹ̀, torí àwọn ló ń kọ́kọ́ mọ̀ bí nǹkan bá yí padà. Inú mi dùn pé àwọn ará tìrẹ ti béèrè kí o tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe ọ́ lóore tí ẹnikẹ́ni kò ṣe fún mi.

Ọkùnrin ẹlẹ́ja yẹn, ìgbà mẹ́ta ni mo pín owó rẹ̀ sí tí mo fi san án tán, kò sì bá mi rẹ́rìn-ín títí di ìgbà tí mo san ẹ̀kẹta. Ní báyìí, bí àwọ̀ omi bá yí padà díẹ̀, òun ló ń pè mí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó pè, a lọ wò ó, ògiri kòtò kejì ti sán. A dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ méjì, a tún un rẹ́. A kì í rin ẹ̀gẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, kòtò máa ń fà dáadáa lọ́jọ́ náà. Bí o bá fẹ́ rí bí a ṣe mọ ọ́, wá ní Ọjọ́bọ̀, kí o sì mú bíríkìlà rẹ dání.