Ṣé Kíkúrú Lè Dí Agbábọ́ọ̀lù Lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Olóòtú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà ní yunifásítì lọ́hùn-ún, ní ipò linebacker, ìyẹn ẹni tó ń dúró lẹ́yìn àwọn tó wà níwájú láti dá alátakò dúró. Wọ́n ní ó kúrú. Ṣé ó lè dé NFL, líìgì àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bọ́ọ̀lù náà? — Òǹkàwé, Ìkòròdú.

Ìdáhùn: Gíga kọ́ ni èmi yóò kọ́kọ́ wò. Ẹni tó dúró lẹ́yìn àwọn òmìrán iwájú gbọ́dọ̀ tètè mọ̀ bóyá alátakò fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù sáré ni tàbí ó fẹ́ jù ú, kí ó sì gbá a mú láìjẹ́ kí ó bọ́. Eré sísá níbi ìdánwò nìkan kò lè fi èyí hàn. Zach Thomas, linebacker tí kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ni ẹgbẹ́ Miami mú ní ìpele karùn-ún nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́dún 1996, síbẹ̀ ó wọ Gbọ̀ngàn Olókìkí, níbi tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù náà, lọ́dún 2023. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó lè sá tẹ̀lé ẹni tó ń lọ gba bọ́ọ̀lù.